Ẹni Tó Ń Lo Líìfù Mùíbì

Ọdún kẹta rèé tí Mùíbì ti ń ta líìfù rẹ̀. Bí àsìkò ìsinmi bá tó, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé iṣẹ́ epo ní Òkìtìpupa a di ẹrù, ó di ilé. Òun a gba owó dípò ìsinmi, a sì máa koná bọ́ílà tí wọ́n fi ń se ẹyìn lọ. Páànù ló ń fi owó náà rà ránṣẹ́ sí Hàwáù, ìyàwó rẹ̀, ní Àjàgbà.

Ní ọdún tí ogun abẹ́lé parí, Adéjọbí ojúgbà rẹ̀, ọmọ Àjàgbà, fi lọ́rì kó ẹyìn wá. Bó ti rí Mùíbì, ó dúró gbagidi.

"Bàbá Bàṣírátù! Báwo lo ṣe ṣáájú mi débí? Orí òrùlé ni mo fi ọ́ sí láàárọ̀ yìí, tí ò ń kan páànù!"

Mùíbì rẹ́rìn-ín. "Èmi tí mi ò kúrò níbí láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta?"

"Ṣèbí ìwọ lo ní o gba líìfù? Hàwáù ń fi ọ́ yangàn káàkiri, ó ní ìsinmi yẹ ọkọ òun, ó ti sanra."

Ni Adéjọbí bá tún un wò: ojú tó jìn, èéfín tó mu ara. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀.

"Ẹni tó wà nílé, mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná. Mú tìrẹ wá."

Mùíbì fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn. Láti òwúrọ̀ ló ti wà nídìí iná, síbẹ̀ kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọwọ́ òun gbóná.

"Wọlé sọ́kọ̀ ká lọ," Adéjọbí wí. "Tí ẹ bá fojú kojú, a ó mọ èwo ni ọkọ Hàwáù, a ó mọ èwo ni àkúdàáyà."

Ó wu Mùíbì. Àmọ́ ta ni kò mọ̀ pé òkèèrè ni àkúdàáyà ti í ṣiṣẹ́ jẹun, àti pé bó bá fojú kan ìdílé rẹ̀, ó pòórá nìyẹn? Bí ó bá wá jẹ́ òun ńkọ́? Bí kò bá sì lọ, ẹni yẹn ti nílé, ó ti láya.

Ó sáré tọ Adébóyè akọ̀wé lọ.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gba líìfù mi padà."

"Èyí tí o ti tà? Ohun téèyàn bá ti tà kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, Mùíbì. Ó di ti ọdún tó ń bọ̀. Ṣé wàá lọ ìyẹn?"

Níta, Adéjọbí ń fọn fèrè lọ́rì.

Mùíbì wo ọwọ́ rẹ̀, ó kì í bọ àpò. "Ẹ bá mi ta ìyẹn náà."