Mọ́kànlá Tí Mo Pa Rẹ́

Inú ṣì ń bí mi. Bí mo bá ní kò bí mi mọ́, irọ́ ni mo pa.

Inú ilé ìkẹ́rù àtijọ́ kan ní Akoka la ti máa ń fi gígun ògiri ṣeré ìdárayá. Wọ́n kan àwọn ìdìmú aláwọ̀ oríṣiríṣi mọ́ ọn láti ilẹ̀ dé àjà. Ọ̀nà tó o bá gùn dókè, wàá tẹ̀ ẹ́ sínú áàpù orí fóònù rẹ, áàpù á fún ọ ní máàkì, á sì to orúkọ gbogbo wa láti òkè wá sílẹ̀. Àǹtí Oyinkọ́lá, kóòṣì wa, ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lókè lópin oṣù ló máa lọ ìdíje ní Gánà. Ẹnì kan péré. Èmi Leah, ọmọ ẹlẹ́ja láti Ìlàjẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Akoka, mo fẹ́ lọ débi pé oúnjẹ ò wọlé fún mi mọ́.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, èmi ni mo wà lókè. Bùọ̀dá Adéníjì ló tẹ̀ lé mi. Ó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, òun ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so okùn mọ́dìí. Ẹ má bínú, mi ò lè fi “wọ́n” pè é mọ́. Ó pè mí sẹ́yìn ilé, ó ní kò dáa kí ọmọdé máa ṣíwájú àgbà lójú gbogbo ayé. Ó ní kí n yọ àwọn ọ̀nà tí mo gùn lọ́sẹ̀ yẹn kúrò nínú áàpù, tó bá dọjọ́ yíyàn, òun fúnra òun á sọ fún Àǹtí pé èmi ló tọ́ sí. Mo kúnlẹ̀ bí màmá mi ṣe kọ́ mi. Mo pa mọ́kànlá rẹ́ lójú rẹ̀, mo tún ní ẹ ṣé, sà. Lábẹ́ ìjọba alágbádá ni wọ́n bí mi, àṣẹ ṣọ́jà ni mo gbà. Ọ̀dẹ̀ ni mí.

Lópin oṣù, Àǹtí ka orúkọ Adéníjì. Mò ń wo ẹnu Adéníjì, pé yóò sọ̀rọ̀ mi. Ó ní òun dúpẹ́, ó jókòó. Nígbà tí mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́. Àǹtí ní ohun tó wà nínú áàpù lòun rí.

Mo sunkún délé. Ṣé ẹ mọ̀ pé èmi náà ni màmá mi bá wí? Wọ́n ní ta ni mo jẹ́ tí mo fi ń bá àgbà fa ọ̀rọ̀ ní gbangba. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi ẹja wọn sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé mi lọ sí Akoka. Kí n tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ìyá mi, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ti kúnlẹ̀ níwájú Adéníjì, wọ́n ń bá mi tọrọ àforíjì. Ó ń wò wọ́n. Kò ní kí wọ́n dìde.

Èmi ni mo fà wọ́n dìde.

“Bùọ̀dá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọdé kì í ṣíwájú àgbà, ṣé ẹgbẹ́ yín ni màmá mi?”

Ó kàn ń wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Òun náà ló pàpà lọ Gánà.

Bí a ṣe ń darí lọ sí Ìlàjẹ, a kọjá ṣọ́ọ̀ṣì wa. Màmá mi wá ní, “Leah, irú ẹni yẹn, má kúnlẹ̀ fún un mọ́.”

Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ ọ́. Inú bí mi sí àwọn náà, mo sì di ọwọ́ wọn mú títí a fi délé.