Àgbá Tí Kò Gbọ́dọ̀ Tutù

Nígbà tí Rumyana débi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, yìnyín ti dì mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn débi pé ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí kò yà á lẹ́nu. Dobri, olórí àwọn mẹkáníìkì, ló yà á lẹ́nu, nítorí ó dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà láìsí sìgá lẹ́nu rẹ̀.

"Bọ̀dá Dobri, ẹ ò mu sìgá lónìí. Ta ló kú?"

"Ìdérí rẹ ni. Kò gòkè mọ́."

Àgbá irin tó wà lẹ́yìn bọ́ílà kẹta ni iṣẹ́ Rumyana nílé iṣẹ́ mànàmáná náà. Ó fẹ̀ bí ojúde ọba, páànù tẹ́ẹ́rẹ́ sì kún inú rẹ̀ bí afárá oyin. Tọ̀sán-tòru ló ń yí. Èéfín gbígbóná láti inú bọ́ílà á gba apá kan rẹ̀ kọjá, páànù á gba ooru lára èéfín. Bó bá yí dé apá kejì, afẹ́fẹ́ tútù tó ń lọ fẹ́ iná á gba ooru náà padà. Ibi tí wàhálà wà ni ààlà apá méjèèjì. Bí àlàfo ibẹ̀ bá fẹ̀, afẹ́fẹ́ á jò sínú èéfín, á sì ṣòfò. Bó bá há jù, irin á máa ha irin. Àgbá náà kì í sì í dúró sójú kan: bó bá gbóná, etí rẹ̀ á wọ́ sílẹ̀ bí etí fìlà abetí-ajá, bó bá tutù, etí náà á tún gbéra. Ìdí nìyí tí Rumyana fi ya àwòrán ìdérí irin kan tó ń tẹ̀lé etí náà lọ sókè sódò, tí ọ̀pá onísúkúrúù ń gbé e. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ láìyọnu.

"Ìsàlẹ̀ ló há sí?" ni Rumyana bi í.

"Ìsàlẹ̀ pátápátá. Eérú ti dì mọ́ ọ̀pá. Mo ti fi òòlù lù ú, mo ti ta epo sí i, mo ti bú ìyá ẹ̀."

"Kí ló wí?"

"Ó ní kí n pè ọ́ wá."

Rumyana rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. Níwọ̀n ìgbà tí iná bọ́ílà bá ń jó gan-an, kò séwu, etí àgbá á wà nísàlẹ̀. Bí iná bá rẹlẹ̀ pẹ́nrẹ́n, etí á gbéra, á kan ìdérí tí kò lè yẹ̀ fún un, àgbá á sì há. Bọ́ílà yìí nìkan ló ń jó. Wọ́n ti tú àwọn yòókù palẹ̀ fún àtúnṣe. Òun ló ń fún gbogbo ìlú ní omi gbígbóná tó ń mú ilé wọn móoru, ilé Stoyna, ìyá Rumyana, sì wà lára wọn.

Ó bá gba ọ̀dọ̀ Ognyan, ọ̀gá wọn, lọ.

"Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kí iná rẹlẹ̀ o, títí a ó fi tú ọ̀pá yẹn."

Ognyan nawọ́ sí fèrèsé. Àwọn ọkọ̀ ojú irin tó kó èédú dé tò sílẹ̀, funfun báláú. "Èédú ti dì bí òkúta. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ tó ń lọ̀ ọ́ ti há. Bí mo bá kúkú pa bọ́ílà ńkọ́?"

"Bẹ́ ẹ bá pa á, á tutù, á há. Bẹ́ ẹ ò bá pa á, tí èédú bá tán, á há bákan náà."

"Bí a wí a ó kú, bí a ò wí a ó kú. Ìwọ lo mọ àgbá yìí, Rumyana. Kí ni kí n ṣe?"

"Ẹ ṣáà máa bọ́ iná, ọ̀gá."

Ognyan kó gbogbo èèyàn síta, títí kan akọ̀wé àti àwọn tó ń se oúnjẹ, kí wọ́n máa fi ọ̀pá irin fọ́ èédú. Rumyana àti Dobri dojú kọ ọ̀pá onísúkúrúù. Wẹ́dà fi iná sí ìdí rẹ̀ títí ó fi pọ́n. Wọ́n ki páìpù gígùn bọ ẹnu sípánà, ọkùnrin mẹ́rin sì so mọ́ ọn. Ọ̀pá náà mì. Ó yí díẹ̀.

"Ó ń bọ̀," ni Dobri wí jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń pe adìẹ. "Ó ń bọ̀, ẹ rọra."

Ó dún pà. Gbogbo wọn ṣubú lé ara wọn. Nígbà tí Dobri dìde, orí ọ̀pá náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyókù ti kán sínú lọ́hùn-ún, níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè dé. Kò bú ìyá ẹnikẹ́ni mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sán, ọlọ kejì há, iná sì rẹlẹ̀. Rumyana fi etí ti ara irin, ó sì gbọ́ ohùn tí ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà á: fẹ́ẹ́rẹ́, bí ọ̀bẹ tó ń ha abọ́. Bí àgbá bá yí, ó dún; bó bá tún yí, ó dún. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Màmá, ẹ kó aṣọ, kẹ́ ẹ lọ bá àbúrò yín ní abúlé. Wọ́n ní ààrò onígi níbẹ̀."

"Ọ̀nà wo ni n óò gbà? Yìnyín ti dí gbogbo rẹ̀. Kí ló dé?"

"Ilé lè tutù lálẹ́ òní."

"Nǹkan tí ìwọ ṣe yẹn ni?"

"Òun ni, Mà."

"Tún un ṣe, ọmọ mi. Ṣebí o mọ̀ ọ́n ṣe."

Rumyana mọ ibi tó há, ó mọ ohun tó há a, ó mọ bí a ti í tú u. Irin gbígbóná ló wà láàárín òun àtibẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ohùn náà di igbe, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Àgbá ti dúró. Wọ́n gbìyànjú mọ́tò kejì, wọ́n gbìyànjú láti fọwọ́ yí i, kò mira. Ognyan fúnra rẹ̀ ló pa bọ́ílà.

Ó wá ku ìdúró. Ẹnikẹ́ni kò lè wọnú àgbá náà àfi tó bá tutù, kò sì sí ohun tí èèyàn lè ṣe tí irin fi máa yára tutù. Òtútù ń pa ìlú, ooru inú àgbá ń lé àwọn tó fẹ́ tún un ṣe sẹ́yìn. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìn ti ara àgbá náà, wọ́n ń yá iná lára rẹ̀, wọ́n ń pín ìgò ọtí rakíà kan. Rumyana dúró láàárín wọn. Ìtìjú mú un pé ẹ̀yìn òun ń móoru.

Nígbà tí irin tutù tó tí wọ́n fi lè wọlé, wẹ́dà gé etí ìdérí náà kúrò pátá. Kò sí ọgbọ́n mìíràn. Ọ̀pá tuntun kò lè dé láti òkè òkun kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Wọ́n dáná, àgbá yí, afẹ́fẹ́ sì ń jò bí agbọ̀n. Omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ sígboro.

Kò dé ilé Stoyna. Omi ti dì nínú àwọn páìpù ilé náà, ó ti fọ́ wọn láti òkè délẹ̀. Rumyana bá ìyá rẹ̀ nílé ìdáná aládùúgbò, òun àti àwọn ará ilé yòókù, tí wọ́n yí sítóófù gáàsì ká, tí wọ́n wé kúbùsù mọ́rí. Ó fi bánítsà, búrẹ́dì oníwàràkàṣì tó rà lọ́nà, lé e lọ́wọ́. Stoyna bù ú, ó pín in fún àwọn yòókù, kò sì bi í ní ìbéèrè kankan nípa iṣẹ́.

Ọjọ́ tí ọ̀nà là, Stoyna bá bọ́ọ̀sì lọ sí abúlé àbúrò rẹ̀. Rumyana gbé báàgì rẹ̀ wọnú ọkọ̀ fún un.

"Ìgbà wo lẹ máa padà, Mà?"

"Ìwọ ni kó o sọ fún mi," ni Stoyna dáhùn, láìbínú.

Bọ́ọ̀sì náà gbéra. Rumyana dúró létí ọ̀nà títí kò fi rí i mọ́.