Iná Iwájú Alùpùpù Sàláúdéènì

Kò tíì balẹ̀. Iná yìí kò tíì balẹ̀... Mo ti fi èédú fa ìlà sára ògiri ilé àbúrò mi, ibi tí iná máṣíìnì ga dé ni mo fa á sí gẹ́lẹ́. Mo ti ti máṣíìnì sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Ẹ́ńjìnì ń dún. Abẹ́ ìlà ló yẹ kí iná balẹ̀ sí, ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Kí ló wá dé tí ọwọ́ mi ń ṣe bí ọwọ́ ẹlòmíràn?

Mú sípánà. Dẹ nọ́ọ̀tì. Tẹ ojú iná wálẹ̀ díẹ̀ — díẹ̀ ni mo wí... Ó yá, fún nọ́ọ̀tì padà.

Oṣù mẹ́rin rèé tí a sin Sàláúdéènì, àbúrò mi. Mo ń jẹun. Mo ń kírun. Wọ́n ń kí mi kú ará fẹ́ra kù, mo ń ṣe àmín. "Àkànó, o gba kádàrá," ni Ààfáà wí lọ́jọ́ fìdáù. Bóyá mo gbà á. Inú mi kàn dákẹ́ ni, bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀.

Lọ́ọ́rì ló pa á. Gbogbo ìlú ló wí bẹ́ẹ̀. Lọ́ọ́rì dẹnu kọlẹ̀ lọ́nà Ayétẹ̀, awakọ̀ ò já ewé sẹ́yìn rẹ̀ kí èrò lè mọ̀. Sàláúdéènì ń ti oko bọ̀, àpò àgbàdo méjì lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú... Ó kọ lù ú. Lọ́ọ́rì ni. Èmi náà ń wí bẹ́ẹ̀.

Mo ti na irin iwájú máṣíìnì rẹ̀ tó wọ́. Mo ti fi iná tuntun sí i. Rùkáyàt, opó rẹ̀, ni yóò máa gùn ún. Nọ́ọ̀sì ni; dìsípẹ́ńsárì Ayétẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ, yóò máa wọ abúlé lọ gbẹ̀bí. Àná ló dán an wò, òun àti ẹni tó gbé sẹ́yìn. "Bàbá Mùínàt, ẹ bá mi wo iná yẹn dáadáa o. Orí igi ló ń tàn sí."

Orí igi. Ta ló ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí —

Má ro ìyẹn. Rùkáyàt ti dé, mo ní kó bá mi di máṣíìnì mú. Ó gùn ún. Ó sún sẹ́yìn lórí ìjókòó.

Iná ń gòkè.

N ò fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì, iná ń gòkè. Ó kọjá ìlà. Ó kọjá fèrèsé. Sípíríǹgì ẹ̀yìn ló rì, iwájú sì gbé sókè... ẹnì kan péré, ó rì báyìí. Àpò àgbàdo méjì ńkọ́?

"Ẹ̀gbọ́n, orí igi ni iná mi ń wò, n ò rí ilẹ̀." Sàláúdéènì ló wí bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà ayé rẹ̀. Mo tún un ṣe fún un, lórí òfìfo, láìsí ẹrù lẹ́yìn, nítorí pé mo ń kánjú. Ó tún padà wá. Mo ní, "Ojú ẹ ni kó o lọ tọ́jú." Ó rẹ́rìn-ín. Ó gun máṣíìnì rẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ l'Érúwà wí fún mi: ẹrù tí yóò rù ni kó o fi wọ̀n ọ́n. Kí ni mo wá ń sá fún láti ìrọ̀lẹ́, tí mo ń wọn òfìfo?

Èmi ni. Mo rán an sínú òkùnkùn, mo sì fi ojú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Rùkáyàt ń wo ògiri. Ó yíjú sí mi. Ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, mo na ọwọ́ pé kó dúró. Ó yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo ti la ẹnu.