Ẹ̀rín Màámi àti Àpò Tí Kò Láyè

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù oníkámẹ́rà, àyà mi ń lù kìkì bí ti ọmọge tó ń lọ pàdé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Kì í ṣe tìtorí ọkùnrin kankan. Tìtorí ẹ̀rín ìyá mi ni.

Aránṣọ ni màámi. Kókó kan yọ sí wọn níwájú etí òsì, kò ju bọ́tìnnì kóòtù lọ. Dókítà ní kò lè pa wọ́n, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Ó wá yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ wa, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Iṣan tí ń fa ẹnu bí èèyàn bá ń rẹ́rìn-ín, inú kókó yìí ló gbà kọjá. A ó rọra ṣe é, Mà. Ṣùgbọ́n n kò lè ṣèlérí pé ẹ̀rín yín á tún rí bó ṣe máa ń rí."

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá fún iṣẹ́-abẹ náà.

"Kò burú, dókítà," ni màámi wí. "Ẹ̀rín kọ́ ni mo kúkú fi ń rán aṣọ." Wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n dìde.

Èmi ni n kò lè dìde. Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé nínú gbogbo fọ́tò tó wà nílé wa, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tí màámi ti rẹ́rìn-ín. Ká ṣáà ti na fóònù sí wọn báyìí, wọ́n á ti pa ẹnu dé, wọ́n á na ọrùn, bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ìwé ìrìnnà. Àǹtí mi agbẹ̀bí, tó jẹ́ àbúrò wọn, ló máa ń pariwo pé, "Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n mi tún ti di àpò sìmẹ́ǹtì!"

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rín màámi, ẹ̀yin èèyàn mi! Igun ẹnu òsì ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á sáré gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ bá ojú, imú á ká kò, èjìká á máa gbọ̀n kí ohùn tó jáde rárá. Ìwé ìfẹ́ kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo ti ka omijé, mo ti ka ìfẹnukonu, n kò tíì rí òǹkọ̀wé tó lè kọ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ó wá ku ọjọ́ mẹ́jọ kí ó lọ.

Kámẹ́rà ni mo ń wá, kékeré, èyí tí màámi kò ní rí kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín tán.

Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn káńtà ń fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nu lẹ́ńsì kan. Ó ń nu ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó ń sùn. Ìka rẹ̀ gùn, sùúrù wà lójú rẹ̀.

"Ẹ káàsán o, àǹtí. Kámẹ́rà ojoojúmọ́ lẹ fẹ́ ni, àbí ti ìrìnàjò?"

"Ti ìrìnàjò ni."

"Ibo lẹ ń lọ?"

"Láti ìdí máṣíìnì mi dé ibi tí ìyá mi ń jókòó sí. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ."

Mo rò pé á fi mí rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé lẹ́ńsì sílẹ̀, ó ti àga sí mi, ni mo bá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ fún un, kókó, iṣan, àpò sìmẹ́ǹtì, èmi tí n kì í bá àjèjì sọ ju "ẹ ǹ lẹ́" lọ.

Ó gbé kámẹ́rà mẹ́ta kalẹ̀ lórí aṣọ náà. Ó mú ti àkọ́kọ́.

"Èyí làwọn arìnrìn-àjò ń bèèrè jù. Ó lè fa ẹyẹ tó wà lórí òrùlé ọ̀hún wá sórí itan yín." Ó tẹ̀ ẹ́, imú rẹ̀ yọ síta gbọọrọ, ó ń kùn bí ẹ̀fọn. "Yàrá ìránṣọ yín ńkọ́, ṣé ó mọ́lẹ̀?"

"Fèrèsé kan ló ní. Màámi ò fẹ́ kí oòrùn pa àwọ̀ aṣọ oníbàárà."

"Ẹ jẹ́ ká gbé e tì nígbà náà. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kéré, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ìyá yín á sì gbọ́ ọ kó tó la ojú." Ó mú ìkejì, ó ki bí ìgò ìpara. "Eléyìí ń wẹ̀ lódò, ó ń já lulẹ̀ lórí àpáta, mìmì kan ò lè mì í."

"Bùrọ̀dá, ìyá mi kì í gbé inú odò."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń fi àkókò ṣòfò ni. Tí mo bá tètè fi ẹ̀kẹta hàn yín, ẹ ó tètè lọ."

Ẹ gbà mí! Nínú ìwé, ó máa ń tó ojú-ewé ogójì kí ọkùnrin tó lahùn bẹ́ẹ̀. Èmi ò tíì lò tó ogún ìṣẹ́jú lórí àga. Mo wo ilẹ̀. Ilẹ̀ náà mọ́ dáadáa.

Ẹ̀kẹta dúdú, kò ju ọṣẹ ìwẹ̀ tí a ti lò dé ìdajì lọ. Ó fi lé mi lọ́wọ́ fúnra rẹ̀.

"Eléyìí ò lè fa ohunkóhun súnmọ́ yín," ó ní. "Bí lẹ́ńsì rẹ̀ ṣe wà yẹn ló máa ń wà. Ohun tí ẹ bá fẹ́ kó súnmọ́ yín, ẹ̀yin lẹ máa fi ẹsẹ̀ yín rìn lọ bá a. Àmọ́ ojú rẹ̀ là nínú òkùnkùn. Kì í dún, bí ẹ bá sì ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó ti jí."

Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rùsí. Òun dúró síta, ó na ọwọ́ rẹ̀ nìkan sínú òkùnkùn ibẹ̀. "Ẹ ya ọwọ́ mi."

Ojú mi ò rí ọwọ́ kankan. Mo kọ kámẹ́rà sí òkùnkùn, mo tẹ̀ ẹ́. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ti fẹ́ sọ pé kò ṣiṣẹ́ nígbà tí àwòrán yọ lójú ẹ̀rọ náà.

Ọwọ́ náà nìyẹn. Gbogbo ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pé. Àpá kékeré kan wà ní ìdí àtàǹpàkò, owú aṣọ tó fi ń nu lẹ́ńsì lẹ̀ mọ́ èékánná kan. Ìmọ́lẹ̀ ti wà nínú òkùnkùn yẹn látìgbà yìí wá, ojú tèmi ni kò mọ̀ ọ́n. Mo rò ó pé kí ló tún kù nílé ayé tó wà níwájú mi gbangba tí n kò rí?

"Èyí ni," mo wí.

Mo wá ṣe ohun tí ọmọ aránṣọ nìkan lè ṣe. Mo fa téèpù tó wà lọ́rùn mi, mo wọn kámẹ́rà náà lórí káńtà, gígùn, ìbú, àti bó ṣe nípọn tó.

Ìgbà yìí ló wá rẹ́rìn-ín. "Ẹ fẹ́ dá aṣọ fún un ni?"

"Àpò ni."

Mo rán àpò náà sínú aṣọ iṣẹ́ mi, ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, níbi tí ojú ò ní tètè rí. Mo fẹ́ kó há kámẹ́rà mọ́ra pinpin kó má baà máa jó kiri, nítorí náà bí mo ṣe wọ̀n ọ́n gan-an ni mo ṣe gé e. Mo tẹ́ aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo dán an wò. Ó wọlé, ó jáde. Mo yin ara mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí Ọjọ́bọ̀ ku ọjọ́ méjì, àǹtí mi wá kí wa lọ́sàn-án. Màámi jókòó sẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ń parí gáùn ìyàwó kan kí wọ́n tó lọ sílé ìwòsàn. Aṣọ funfun náà bo itan wọn dé ilẹ̀, ó ń da ìmọ́lẹ̀ fèrèsé padà sí wọn lójú láti ìsàlẹ̀ wá. N kò rí màámi bẹ́ẹ̀ rí. Mo jókòó sídìí máṣíìnì tèmi, kámẹ́rà wà nínú àpò ìbàdí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni àǹtí wí, ó ti bọ́ bàtà, ó ti na ẹsẹ̀ sórí àpótí, "ẹ rántí oníbàárà yín tó ní kí ẹ rán ṣòkòtò fún ọkọ òun, tí ọkọ ò ráyè wá kí ẹ wọ̀n ọ́n?"

"Má bẹ̀rẹ̀ o."

"Tó ní, 'Mà, ẹ wá wọn fìríìjì wa, bákan náà làwọn méjèèjì rí.'"

"Mo ní má bẹ̀rẹ̀!"

"Ẹ sì gbé téèpù, ẹ lọ wọn fìríìjì!"

"Mo wọ̀n ọ́n," ni màámi wí, "ṣòkòtò ọ̀hún sì bá a mu rẹ́gí."

Igun ẹnu òsì gbéra. Imú ká kò. Èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo ki ọwọ́ bọ àpò.

Kámẹ́rà kò jáde.

Mo fà á, ó dúró. Mo yí i, ó dúró. Ẹ̀rín ń lọ lójú màámi bí ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá níwájú ẹni tó ṣì ń tú ìdí àpò rẹ̀ wá tíkẹ́ẹ̀tì. Ó kọjá. Wọ́n nu ojú, wọ́n mú abẹ́rẹ́ wọn. Omi ti ń kún ojú mi, mo ṣì ń fa àpò.

"Kí lò ń wá ní ìbàdí láti àárọ̀?" màámi bèèrè. "Ṣé eèrà ni?"

"Kò sí nǹkan, Mà."

"Wá."

Mo lọ. Wọ́n tẹ àpò náà, ojú aránṣọ bọ́ sójú wọn, wọ́n gbàgbé ọmọ, aṣọ ni wọ́n ń wò. "Ta ló rán èyí?"

"Èmi ni."

"Ṣé o jókòó nínú ẹ̀ wò?"

Mo mi orí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ mi: má ṣe gba owó aṣọ títí oníbàárà á fi jókòó nínú rẹ̀, torí ìgbà tí èèyàn bá jókòó ni aṣọ máa ń fún un. Kí n sì máa fi àyè ìka kan lé ohun tí mo bá wọ̀n, kí aṣọ lè ráyè mí. Oníbàárà kan kì í jáde lọ́dọ̀ wa láìjókòó. Lórí bẹ́ẹ̀dì ni èmi ti dán tèmi wò.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Kámẹ́rà ni, Màámi. Ẹ̀rín yín ni mo fẹ́ yà. Kí Ọjọ́bọ̀ tó dé."

Àǹtí mi gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àpótí, ó wo ẹ̀yìn fèrèsé, òun tí kì í dákẹ́. Màámi mú bíléèdì tí wọ́n fi ń tú aṣọ, wọ́n tú ìlà kan péré nínú àpò náà, kámẹ́rà já bọ́ sí mi lọ́wọ́.

"Ó yá," ni wọ́n wí. "Yà á." Wọ́n jókòó ṣánṣán, wọ́n na ọrùn, wọ́n pa ẹnu dé.

"Sìmẹ́ǹtì ti dé," ni àǹtí wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Mo gbé kámẹ́rà sókè, mo tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kí ni n ó fi ìyẹn ṣe? A ní irú rẹ̀ ogún nínú álúbọ́ọ̀mù.

Ojú màámi wá bọ́ sára àpò tó ya náà, tó rọ̀ dirodiro ní ìbàdí mi. Wọ́n wò ó. Wọ́n wò mí.

"Ọdún méje," ni wọ́n wí. "Ọdún méje gbáko ni mo fi kọ́ ọmọ yìí níṣẹ́. Ó wá rán àpò tí olè ò lè jí nǹkan níbẹ̀." Igun ẹnu òsì mì. "Òun alára gan-an ò lè jí i!"

"Ìyàwó Ìwé!" àǹtí ké, orúkọ tó máa ń pè mí nítorí àwọn ìwé ìfẹ́ mi nìyẹn. "Ó fi kámẹ́rà sẹ́wọ̀n!"

Ó dé. Kì í ṣe ẹ̀rín tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó jù ú lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ lósì, ó sá lọ sọ́tùn-ún, ó pa ojú wọn dé, ó da orí wọn sẹ́yìn, aṣọ ìyàwó náà ń gbọ̀n lórí itan wọn bí omi tí a ju òkúta sí. Lẹ́ńsì mi ò lè fà wọ́n súnmọ́ mi, nítorí náà mo rìn. Ìṣísẹ̀ kan. Ìkejì. Ní ìkẹta mo tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Màámi ò mọ̀.

Nígbà tí mo fi hàn wọ́n, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n tún mú un súnmọ́.

"Báyìí ni mo máa ń ṣe?"

"Báyìí ni, Mà."

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "N kò rí i rí." Wọ́n fi ìka kan igun ẹnu òsì nínú àwòrán náà, wọ́n wá fi ìka kan náà kan tiwọn.

Òótọ́ kúkú ni. Ta ló ń dúró níwájú dígí rẹ́rìn-ín dé ibi tí ojú á fi pa dé? Ohun tó rẹwà jù lára ìyá mi, gbogbo ayé ló ti rí i, àfi òun nìkan.

Ní Ọjọ́rú mo gbé e lọ bá oníkámẹ́rà kó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Ó wò ó pẹ́.

"Ẹ rìn lọ bá wọn," ó ní.

"Ìṣísẹ̀ mẹ́ta."

Ó fi pépà funfun wé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

Ní Ọjọ́bọ̀, kí àwọn nọ́ọ̀sì tó ti ibùsùn màámi wọlé, màámi na fọ́tò náà sí dókítà. "Oníbàárà tó bá fẹ́ kí aṣọ rí bíi ti tẹ́lẹ̀, ó máa ń mú àpẹẹrẹ wá fún mi. Àpẹẹrẹ tèmi rèé." Dókítà wò ó, ó wo ojú màámi, ó tún wò ó. Ó ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá iṣẹ́-abẹ, níbi tí òun á ti máa rí i.

Ọjọ́ kẹta, báńdéèjì ṣì wé orí màámi. Àǹtí mi bẹ̀rẹ̀ létí ibùsùn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, fìríìjì ń kí yín."

A dúró. Ọ̀tún ló kọ́kọ́ gbéra, òun nìkan. Mo di irin ibùsùn mú. Lẹ́yìn náà ni mo rí i ní igun òsì, kékeré, bí aṣọ fèrèsé tí atẹ́gùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn.

Mo ki ọwọ́ bọ àpò, èyí tí màámi fọwọ́ ara wọn tún rán, tó ní àyè ìka kan. Kámẹ́rà yọ síta wọ̀ọ́.

"Rọra," ni màámi wí, ẹnu wọn wúwo díẹ̀. "Ìdajì lo rí yẹn. Ìdajì tó kù ń bọ̀ lọ́nà."