Òkìtì Igi Lẹ́yìn Ààrò

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, kó jókòó. Ẹni tó lóhùn, kó múra àtigbe orin. Búrẹ́dì ló jáde nínú ààrò láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó funfun báláú. Ìyá Oníbúrẹ́dì fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìka rì. Kò jinná. Gbogbo èyí tó wà nínú ààrò náà, ọ̀kan ò yọ.

Ọjọ́ yẹn gan-an ló padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹ ò mọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ ni. Ó sanra débi pé tó bá fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ẹ̀gbẹ́ ló ń kọ́kọ́ wọlé. Ìyẹn ò pa á lẹ́kún, ọlọ́yàyà ni. Ìtọ̀ ṣúgà ló ń jẹ ẹ́ run. Ojú ń ṣú, egbò ẹsẹ̀ kọ̀ kò san, abẹ́rẹ́ àràárọ̀ ò sì kápá rẹ̀ mọ́. Dókítà obìnrin kan, tí ọwọ́ rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ́ onídìrí, ló sọ fún un pé òun á gé lára àpò oúnjẹ inú ikùn rẹ̀, òun á sì rán ìyókù. Kì í ṣe torí ẹwà o, torí ṣúgà ni. Ọwọ́ ọ̀hún mọṣẹ́! Àpá kéékèèké ló kù síkùn, bí ibi tí adìyẹ ti ṣa àgbàdo jẹ. Ṣúgà wálẹ̀, egbò san, dókítà sì ní kó dá abẹ́rẹ́ dúró. Oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ báyìí, ó ń rún un pẹ́ lẹ́nu, oògùn sì wà tí kò gbọdọ̀ fò.

Àbúrò rẹ̀, tó ń po ìyẹ̀fun, kò fẹ́ iṣẹ́ abẹ náà rárá. Nígbà tó rí búrẹ́dì funfun yìí, ó nu ọwọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé mo sọ àbí n ò sọ? Ibi tí wọ́n gé yẹn ni ọgbọ́n búrẹ́dì ń gbé. Ẹ jẹ́ ká ti ilé yìí pa kí wọ́n tó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.”

Ìyá Oníbúrẹ́dì tún fi ìka tẹ búrẹ́dì mìíràn. Iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ nìyí, kò sì mọ òmíràn. Àwọn oníbàárà ti ń kan ìlẹ̀kùn. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ọwọ́ àlejò. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àbí wọ́n gé ohun tí wọn ò rí ni?

Aago ò sí nílé búrẹ́dì náà. Orin ni wọ́n fi ń mọ̀ pé búrẹ́dì jinná. Bí wọ́n bá ti ti ìlẹ̀kùn ààrò, Ìyá Oníbúrẹ́dì á dá a, àwọn yòókù á gbè é:

Wọlé ní funfun,
Jáde ní pupa!
Kí iná kí ọ káàbọ̀,
Jáde ní pupa!
Kí oníbàárà rẹ́rìn-ín,
Jáde ní pupa!

Orin ọ̀hún gùn. Ó ki ìyẹ̀fun, ó ki omi, ó ki àwọn oníbàárà níkọ̀ọ̀kan. Bó bá parí, wọ́n á ṣí ààrò. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá wọn ṣe é. Láàárọ̀ yìí náà, ó kọ ọ́ tán pátá, kò fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Ọkọ rẹ̀ ló ń dáná. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kejì ni kó máa to igi jọ sẹ́yìn ààrò, tí ìyàwó rẹ̀ ń bá a jà pé ṣé odò ló fẹ́ fi sè ni. Òun nìkan ni kò wo búrẹ́dì. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, débi pé àbúrò ìyàwó bi í pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín níbi òkú búrẹ́dì.

“O ò jókòó,” ló wí fún ìyàwó rẹ̀.

Ìyàwó ní òun fẹ́ jókòó ṣe kí ni.

“Tẹ́lẹ̀, o máa ń jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun láàárín orin, kó o lè mí. O á dìde, o á tún jókòó. Orin ń pẹ́ sí i lọ́dọọdún. Ká ní iná ayé ìyá wa ni mo ń dá, èédú là bá máa tà. Mo bá ń yọ igi kúrò nínú iná, díẹ̀díẹ̀, mo ń tò ó sẹ́yìn ààrò. Lónìí orin tètè parí, iná ò sì pọ̀ tó.”

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?”

“Kí n sọ pé kí ni? Pé èémí rẹ ń tán lójú mi?”

Kò sẹ́ni tó rán àbúrò níṣẹ́ tó fi jáde lọ gbé igi wọlé. Wọ́n koná mọ́ ọn títí ààrò fi gbóná janjan. Wọ́n ki búrẹ́dì mìíràn bọ̀ ọ́, Ìyá Oníbúrẹ́dì dá orin, ohùn àbúrò ló sì ròkè jù nínú ègbè. Nígbà tí wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn, búrẹ́dì pupa bí oòrùn àárọ̀.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà. Wọ́n gé àwọn funfun ìṣáájú, wọ́n yan wọ́n lórí iná, wọ́n fi ṣe sàárà. Àbúrò jẹ títí ó fi tú ìró. Ìyá Oníbúrẹ́dì já èèpo búrẹ́dì tó tó àtàǹpàkò, ó rún un títí, ó ní òun yó. Ó yó lóòótọ́.

Ó wá jáde sẹ́yìn ààrò lọ mú igi ọ̀la. Òkìtì náà ga kọjá orí rẹ̀. Ó fọwọ́ ra á láti ìsàlẹ̀, níbi tí igi ti gbó jù, títí dókè. Ó dúró síbẹ̀, ó ń mí. Kò pẹ́, ó gbé ìtì igi kan lé èjìká, ó sì dá orin.

Àwọn tó ń lọ sílé, tí wọ́n ti jẹun yó, gbọ́ ọ lẹ́yìn wọn, wọ́n sì ń gbè é lọ. Títí tí kálukú fi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, orin náà ò já lẹ́ẹ̀kan.