Omi Tó Ti Sùn

Pálọ̀ wa ni, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n omi bo ilẹ̀ rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ mi. Omi náà dákẹ́ rọ́rọ́, kò sì gbé nǹkan kan kúrò níbi tó wà. Àga wà níbẹ̀, tábìlì wà níbẹ̀, kọ́tìnnì ń mì jẹ́jẹ́ láìsí atẹ́gùn. Ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú yàrá náà ní àwọ̀ ewé, bíi pé inú ìgò ni mo jókòó sí. Mo wo etí ìró mi tó wọ inú omi, kò rin. Mo wá gbọ́ tí bọ́kẹ́ẹ̀tì ń dún lẹ́yìnkùlé, bó ṣe máa ń dún bí ẹni tó gbé e bá ń fi orúnkún kọ lù ú, mo sì mọ ẹni tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi sùn ná. N kò ní bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, owú ni.

Fọlárànmí, ọkọ mi tó ti lọ, dẹ́rẹ́bà ni nígbà ayé rẹ̀. Ọ̀gá kan tó wa mọ́tò fún, tó ń padà sí ìlú rẹ̀, ló fún un ní àpótí onígíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja sí. Mo rò pé ó máa tà á ni. Kò tà á. Ó gbé e sí ara ògiri pálọ̀ wa ní Ìpetumodù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn ẹja kéékèèké tí kò sí ẹni tó lè sè wọ́n. Mo ní kí ló dé tí a ó máa bọ́ ẹja tí a ò ní jẹ. Ó kàn rẹ́rìn-ín ni. Èyí tó tóbi jù nínú wọn pupa bí epo, ìrù rẹ̀ sì gùn bíi gèlè tí wọn ò tíì wé. Òun ni ọkọ mi sọ ní Àbẹ̀ní.

Ẹ gbọ́ ná. Láti ìgbà tí mo ti bí Tèmídire, ọmọ wa, ni ọkọ mi ti ń pè mí ní Ìyá Tèmídire. Oríkì mi ń jẹ́ Àjọkẹ́, ó sì mọ̀ ọ́n, òun ló fi ń pè mí nígbà tó ń fẹ́ mi sọ́nà. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹja ló ń fi oríkì kí. Yóò bẹ̀rẹ̀ síwájú gíláàsì, yóò bi Àbẹ̀ní bóyá ó sùn dáadáa, èmi tí mo ń po ògì rẹ̀ nílé ìdáná yóò sì máa gbọ́. Àwọn obìnrin mìíràn ní orogún tó ń sùn ní yàrá kejì. Tèmi ń lúwẹ̀ẹ́ nínú gíláàsì. Bí ọjọ́ àtipàrọ̀ omi wọn bá pé, ìta ni mo máa ń bọ́ sí, àfi bí òjò bá ká mi mọ́lé, nítorí ojú mi ò gbà á láti rí bó ṣe ń fi gbogbo ara tọ́jú wọn.

Nígbà tó kú, àwọn ìyá àgbà ilé kìlọ̀ fún mi. Wọ́n ní bó bá wá lójú àlá, kí n má bá a lọ síbì kankan, kí n má sì gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ẹni tó bá gba nǹkan lọ́wọ́ òkú ti gbà láti tẹ̀ lé e. Mo ní mo ti gbọ́. Ìkìlọ̀ àṣedànù ni, kò wá. Mo sùn títí, mo jí, mo tún sùn, n kò rí i. Àwọn ẹja rẹ̀ nìkan ló kù tí mò ń bọ́, mò ń ráhùn, mo sì ń bọ́ wọn. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo mọ̀ pé bó bá máa wá rárá, ìdí àpótí yẹn ló máa wá.

Ìgbà náà ni Adúmáadán dé. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ni. Wọ́n ti bí i kí n tó wọlé wọn, nítorí náà n kò lè pe orúkọ rẹ̀, Adúmáadán ni mo sọ ọ́ láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó jókòó níwájú Bàbá Àgbà, olórí ẹbí wọn, ó ní ẹ̀gbọ́n òun wá bá òun lójú àlá. Ó ní aṣọ funfun ló wọ̀, ó da gbogbo omi àpótí ẹja náà sí gọ́tà, ó fi ọṣẹ fọ àwọn òkúta inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ọṣẹ fọ fóòmù inú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, ó fọ gíláàsì náà títí ó fi ń dán, ó wá rọ omi tuntun kún un. Ó ní ó wá wo ojú òun, ó ní kí òun máa bá a tọ́jú àpótí náà. Gbogbo ẹbí mi orí. Bàbá Àgbà ní wọn kì í bá òkú jiyàn, kí Adúmáadán wá gbé àpótí náà ní ọjọ́ Sátidé.

Ẹni tí òkú bá sọ̀rọ̀ ló lẹ́nu láti sọ̀rọ̀. Ohun tó ń jẹ mí nínú bí ikán ni pé ọkọ mi rìn kọjá ilé mi, ó kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá tí a jọ ń sùn, ó lọ bá Adúmáadán ní Ẹdẹ. Itan mi ló gbé orí lé nígbà tí ẹ̀mí ń bọ́ lára rẹ̀. Bí wọ́n bá wá gbé àpótí náà lọ, ibo ló tún fẹ́ yà sí lọ́dọ̀ mi?

Ó di ọjọ́ Jímọ̀. Omi inú àpótí ti ṣú díẹ̀, ara gíláàsì sì ti ń yọ̀. Mo ní wọn ò ní rí mi pè ní ọ̀bùn. Mo ra ọṣẹ, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà pẹ̀lú kànìnkànìn, kí n lè fọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí Adúmáadán ṣe ní ó fọ̀ ọ́. Mo jókòó láti sinmi díẹ̀. Oorun ọ̀sán gbé mi lọ.

Ó wọlé. Kì í ṣe aṣọ funfun ló wọ̀, kakí tó fi ń wa mọ́tò ni, tó ti ṣá léjìká. Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan sókè, ó gbàgbé ìkejì, bó ṣe máa ń ṣe. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó gba iwájú mi kọjá nínú omi náà, kò sì dún lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú gíláàsì.

Ó ní, "Àbẹ̀ní."

Inú mi gbóná. Nínú oorun náà gan-an, mo mọ̀ pé ó ti kú, mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ojú rẹ̀, síbẹ̀ ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ẹja ló tún kọ́kọ́ kí. Mo ká ọwọ́ lẹ́rán. Mo ní n kò ní kí i.

Ó rí ọṣẹ tí mo gbé síbẹ̀. Ó fi ìka méjì gbé e bí ẹni gbé òkú eku, ó nawọ́ gba ojú fèrèsé, ó jù ú síta. Ó yọ iná ẹ̀rọ kúrò lára ògiri. Ó ki etí rọ́bà kan bọ inú àpótí, ó fi ẹnu fa ìkejì bó ṣe máa ń fa epo nínú táńkì mọ́tò, ó tutọ́, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ń fi rọ́bà náà rìn láàrin àwọn òkúta, jẹ́jẹ́, ìdọ̀tí ń gbéra níbẹ̀, ó ń bá omi lọ. Àwọn ẹja ò sá fún ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí omi náà dín díẹ̀, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó fún rọ́bà náà pa.

Ẹnu mi kò gbà mí dákẹ́ mọ́. Mo ní, "Ṣé ẹ ò ní dà á nù tán ni?"

Kò bojú wẹ̀yìn. "Ilé wọn ni. Ta ló ń tìtorí pé ilẹ̀ dọ̀tí wó ilé?"

Ó yọ fóòmù inú ẹ̀rọ, ó rì í bọ inú omi àtijọ́ tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń fún un, omi tó bá jáde dúdú. Fóòmù náà kò funfun, òun náà kò sì fẹ́ kó funfun. Ó ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bóyá fún mi ni o, bóyá fún ẹja ni, pé ohun tí ojú kò rí tó ń jẹ́ kí omi gba ẹja, inú fóòmù yìí ló ń gbé, bí ọṣẹ bá kàn án, ó kú, àwọn ẹja á sì tẹ̀ lé e. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí láti ẹnu rẹ̀, lọ́jọ́ tí òjò ká mi mọ́lé.

Mo ní, "Ẹ lọ bá Adúmáadán. Ẹ ò wá bá mi."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wá yíjú sí mi, ojú tí mo ti ń wá látọjọ́ yìí, ó sì rẹ́rìn-ín kékeré, bó ṣe máa ń rín in nígbà tí mo bá ń bá ẹja jà. Ó na etí rọ́bà náà sí mi.

"Àjọkẹ́, wá bá mi di í mú."

Mo dìde. Mo gbàgbé àwọn ìyá àgbà, mo gbàgbé ìkìlọ̀. Kí n má tàn yín, n bá gbà á. Ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀ yẹn, bó ní kí n máa bọ̀ lọ́run, bàtà mi ni n bá wọ̀. Ọwọ́ mi ti fẹ́ kan rọ́bà náà nígbà tó fà á sẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó rọra gbé e sílẹ̀ láàrin èmi àti òun.

"Má gbà á lọ́wọ́ mi," ó ní. "Mú un nílẹ̀."

Mo mú un nílẹ̀. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kejì sókè, èyí tí omi ẹ̀rọ inú rẹ̀ ti sùn mọ́jú tí oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fi sínú omi ẹ̀rọ ti fò kúrò nínú rẹ̀, omi náà gba inú rọ́bà tó wà lọ́wọ́ mi wọ inú àpótí díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n má kánjú, kí tuntun má bá àtijọ́ lójijì. A ò fi ara kan ara. Àwọn ẹja wá sọ́dọ̀ mi. Mo ń wò ó títí mo fi rí i pé omi tó bo ilẹ̀ pálọ̀ ti ń fà, pé sìmẹ́ńtì ti ń hàn. Òun náà rí i. Ó tú ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀.

Ohùn àwọn ọmọ tó ń ti iléèwé bọ̀ ló jí mi. Ilẹ̀ gbẹ. Etí ìró mi ni mo dì mú. Ọṣẹ wà níbi tí mo gbé e sí.

Mo ń wo ọṣẹ náà. Ọ̀rọ̀ Adúmáadán wá ń padà bọ̀ létí mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi pé n kò gbọ́ ọ rí. Gbogbo omi sí gọ́tà. Ọṣẹ lára òkúta. Ọṣẹ lára fóòmù. Ọkọ mi tí kì í jẹ́ kí Tèmídire fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ kan gíláàsì yẹn láti ìta! Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ àlá náà, owú ò jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Ẹni tí Adúmáadán rí, kì í ṣe Fọlárànmí. Kò lọ sí Ẹdẹ. Kò tíì lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni àfi èmi.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni àánú Adúmáadán wá ṣe mí. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ hun àlá òkú, òkú náà kò wá bá a ni. Òun náà ti ń sùn, ó ń jí, ó ń wá a, ó sì ń rò ó pé ọ̀dọ̀ mi ló wà lálaalẹ́.

N kò ní pè é ní onírọ́ níwájú Bàbá Àgbà. Bó bá dé lọ́la, n ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì fún un, n ó ní kí ó fọ àpótí náà fún mi bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe fọ̀ ọ́. Bó bá bèèrè ọṣẹ, n ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, a ó jọ wo ara wa, a ó sì mọ̀. N ó kọ́ ọ. Kí ó máa wá bá mi di rọ́bà mú. Àpótí yẹn kò ní kúrò lára ògiri. Àlá tèmi ńkọ́? N kò ní rọ́ ọ fún un.

Mo kó ọṣẹ lọ sí ibi ìfọṣọ. Mo pọn omi sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo gbé e sí igun kí ó sùn di ọ̀la. Nígbà tí mo padà dé, Àbẹ̀ní ti wá sí etí gíláàsì, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Mo bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi.

Mo ní, "Ṣé ìwọ náà gbọ́ ohun tó pè mí?"