Titina Ta Don Sabato Yọ

"Wọ́n ní Titina ti... àbí ẹ ò tíì gbọ́?"

"Pé ó ra ẹ̀rọ kọfí? Ó tiẹ̀ ní kọfí Don Sabato kò..."

"Kò kí ni?"

"Kò tó nǹkan! Ẹ má dárúkọ mi sí i o."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe ń ti ojú fèrèsé kan bọ́ sí èkejì nínú àgbàlá kan ní ìlú Salerno, ní Ítálì, títí ó fi dé etí Don Sabato, ẹni tó ni ilé kọfí ìsàlẹ̀. Òun ló dúró bíi bàbá fún Titina, tó fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, bí Titina bá kí i, ife ni bàbá náà máa ń nù dípò kó dáhùn.

Titina kò mọ ohun tó ṣẹ̀. Ó ń dùn ún wọra, síbẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ kò jẹ́ kó jókòó. Owó oṣù rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alásè ilé ìwé kò lè ra tuntun, ọjà àlòkù ló ti rí i. Ó pààrọ̀ rọ́bà ẹnu ẹ̀rọ náà, ó ń fọwọ́ lọ kọfí, ó ń mu èyí tó korò bí ewúro. Láàárọ̀ Sátidé, ó lọ̀ ọ́ kúnná sí i, ó fa ọwọ́ irin ẹ̀rọ náà wálẹ̀. Kọfí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn bí oyin, ìfófòó pupa bò ó lórí.

Ó sáré sójú fèrèsé. "Don Sabato! Ẹ gòkè wá o! Ó ti jáde!"

Don Sabato gbé ìbínú gòkè. Donna Ersilia, aládùúgbò, tẹ̀ lé e kí ìran má baà kọjá òun.

"O tún wá ń fi mí ṣẹ̀sín? Irin jákujàku yìí?" Ó yọjú wo ife náà. "Ṣúgà lo lù mọ́ ọn kó lè hó. Ẹ̀tàn àwọn ìyàwó ilé!"

"Bàbá, kò sí ṣúgà kankan níbẹ̀."

Titina bu ṣúgà díẹ̀ sórí ìfófòó náà kí wọ́n lè rí bó ṣe ki tó. Ṣúgà jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí wọ́n ní kó dúró ná, lẹ́yìn náà ló rọra rì. Don Sabato mu ún, ó tún mu ún.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ọwọ́ yín ni mo ń wò láti kékeré."

"Kí ló wá dé tó o fi ní kọfí mi ò tó nǹkan?"

Titina wo aládùúgbò rẹ̀. Donna Ersilia ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu ìka tí kò dọ̀tí.

"Èmi ló sọ ọ́ fún. Mo... mo gé e kúrú díẹ̀ ni."

"Ẹnu dùn-ún ròfọ́! Ersilia, sọ gbogbo rẹ̀ tán!" Don Sabato jágbe mọ́ ọn.

"Ó ní, 'Kọfí mi ò tíì tó nǹkan, Donna Ersilia. Ọjọ́ tó bá jọ ti Don Sabato, òun ni mo máa kọ́kọ́ pè.'"